Ta Ni Yóò Gbé Korobá?

Òórùn ni mo kọ́kọ́ mọ̀ lára Jarom Liston kí n tó wo ojú rẹ̀ dáadáa.

Mo ń tẹ́ ibùsùn ní ilé ìtura tí mo ti ń ṣiṣẹ́, fèrèsé ṣí sílẹ̀, mo sì ń ronú nípa ọkùnrin kan nínú ìwé ìtàn tí àlejò kan gbàgbé sábẹ́ ìrọ̀rí, ọkùnrin tí ó máa ń fi òdòdó ránṣẹ́ sí olólùfẹ́ rẹ̀ láràárọ̀. Bí mo ṣe ní kí n mí kanlẹ̀ báyìí, òórùn kan wọlé, ó jókòó sí mi lọ́nà ọ̀fun. Kì í ṣe òórùn ìgbẹ́ lásán. Ìgbẹ́ tí oòrùn aṣálẹ̀ ti sè ni, tí wọ́n ti da oògùn apakòkòrò lé lórí, tí ó ti pẹ́ nínú ihò títí ó fi gbàgbé pé oúnjẹ ni òun tẹ́lẹ̀. Mo fi aṣọ ibùsùn tó mọ́ bo imú, mo sì sáré lọ sídìí fèrèsé láti tì í.

Ọkọ̀ àwọn Liston ló wà nísàlẹ̀. Kò sí ẹni tí kò mọ ọkọ̀ náà ní ìlú wa. Àwọn ló ń fa ṣáláńgá inú ọgbà ìjọba tó wà ní àfonífojì pupa, níbi tí àwọn àlejò láti gbogbo ayé ti máa ń wá ya fọ́tò. Lamont, bàbá, ló ń wa ọkọ̀. Jarom, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, ló ń fa rọ́bà. Jarom gbójú sókè, ó rí mi pẹ̀lú aṣọ lẹ́nu.

"Ẹ má bínú, arábìnrin. Yìnyín la fẹ́ rà, a ò ní pẹ́."

"Ẹ tètè máa lọ! Ẹ fẹ́ pa wá ni?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Ti àwọn àlejò yín ló pọ̀ jù nínú ẹ̀, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ bá wa kí wọn."

Mo ti fèrèsé gbàgà. Èébì gbé mi. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo padà sídìí ibùsùn, ọkùnrin olódòdó inú ìwé yẹn ti pa ojú dà. Ojú Jarom ló ní. Inú bí mi sí àwọn méjèèjì.

Ní ọjọ́ Àìkú, mo rí i ní ilé ìjọsìn. Òun àti bàbá rẹ̀ jókòó sẹ́yìn pátápátá, ìjókòó tó wà níwájú wọn sì ṣófo bí ó ṣe máa ń ṣófo. Lẹ́yìn ìsìn ó bá mi rìn délé. Ọṣẹ ọsàn ló ń ta sánsán lára rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ sì pọ́n bí ẹni tó ti inú omi gbígbóná jáde.

"Ṣé mo ṣì ń rùn?" ó bi mí.

"Ọsàn lò ń rùn."

"Ọṣẹ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bó mi láwọ̀ tán nítorí rẹ. Bí o bá ní kí n má wá mọ́, jọ̀ọ́ tètè sọ, kí àwọ̀ tó kù má ṣòfò."

Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín, ó sì máa ń gbọ́ ọ̀rọ̀ mi dé òpin, èyí tí ẹnì kan kò ṣe rí nílé wa. Síbẹ̀, mi ò ní purọ́. Bí ó bá di ọwọ́ mi mú, èmi á máa ronú ibi tí ọwọ́ náà ti dé lọ́jọ́ yẹn. Ó bó ọsàn kan fún mi lẹ́bàá odò, mo fi í sẹ́nu, ó sì pẹ́ kí n tó lè gbé e mì. Ìfẹ́ àti ìríra ń gbé inú mi bí orogún méjì, kò sí èyí tó fẹ́ kó jáde fún ìkejì.

Màmá mi, Verda Roundy, kò ní orogún kankan nínú tirẹ̀. Ìríra nìkan ló wà níbẹ̀.

"Agbépòó! Leora, nínú gbogbo ọkùnrin tí ń bẹ nínú ìjọ, agbépòó lo lọ mú wá bá mi!"

"Ó ti lọ ṣe iṣẹ́ ìránṣẹ́ fún ìjọ bí gbogbo wọn, Màmá. Ọdún méjì gbáko."

"Kó lọ jíṣẹ́ dé ẹnubodè ọ̀run. Bó bá padà dé, yóò ṣì máa rùn. Àbúrò ni ìwọ jẹ́ fún Janeal. Dókítà eyín ni Janeal fẹ́. Kí ni kí n sọ fún àwọn ẹgbẹ́ mi? Pé ọ̀kan ń tọ́jú ẹnu, èkejì ń tọ́jú ìdí?"

Mo sunkún títí ojú mi fi wú. Àǹtí Nelda, àbúrò Màmá, ló dìde láti bá mi bẹ̀bẹ̀. Ó gbé abọ́ ohun dídùn aláwọ̀ ewé kan wá, èyí tó ń gbọ̀n jìgìjìgì tí wọ́n rẹ́ kárọ́ọ̀tì sínú rẹ̀. Nǹkan yẹn máa ń rí mi lára láti kékeré, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn mo jẹ ẹ́ kí Àǹtí má baà lọ.

"Verda," ni Àǹtí wí, "ta ló ń fa ṣáláńgá tìrẹ?"

"Nelda, má bẹ̀rẹ̀."

"Mo ní ta ni?"

"Lamont Liston."

"Ó dáa. Ó mọ ohun tí ò ń jẹ, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni láti ọjọ́ yìí. Ta ni ìwọ mọ̀ tó lè pa àṣírí bẹ́ẹ̀ mọ́ nínú ìjọ yìí? Bíṣọ́ọ̀bù gan-an ò lè pa á mọ́."

Mo bú sẹ́rìn-ín. Màmá kò rẹ́rìn-ín. Ó wo ojú fèrèsé títí, ó wá sọ lójijì pé, "Kò burú. Kó bá wa wọ àfonífojì bí gbogbo àna ilé yìí. Bó bá jáde lódì kejì, mo gbà."

Àǹtí Nelda dì mọ́ mi. Ṣùgbọ́n mo rí ẹ̀rín tó wà létí ẹnu Màmá, kò sì wù mí.

Àṣà ìdílé Màmá ni. Inú àfonífojì yẹn ni àwọn baba ńlá rẹ̀ gbà pẹ̀lú màlúù wọn kí ìlú wa tó wà. Láti ìgbà náà, bí ọkùnrin kan bá fẹ́ ọmọ wọn, gbogbo ilé yóò bá a gba inú rẹ̀ kọjá, wọn á rin inú odò, wọn á sun orí iyanrìn, wọn á sì jáde ní òdì kejì lọ́jọ́ kejì. Nísinsìnyí tó ti di ọgbà ìjọba, kèké ni wọ́n ń ṣẹ́ kí èèyàn tó rí ìwé àṣẹ gbà. Orúkọ wa jáde fún oṣù karùn-ún, kí òjò tó ń gbé èèyàn lọ nínú àfonífojì tó bẹ̀rẹ̀. Màmá pe gbogbo wa jọ sídìí tábìlì ilé ìdáná láti ṣètò.

Jarom mú èso ápíríkọ́ọ̀tì gbígbẹ wá láti ara igi bàbá rẹ̀, ó dì í sínú ike tó mọ́ kedere. Màmá dúpẹ́, ó sì gbé e sórí fíríìjì láìṣí i. Bàbá mi, Orval, tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, tẹ́ máàpù sílẹ̀.

"Ta ni yóò gbé àgọ́?" ni Bàbá béèrè.

"Kimball," ni Màmá dáhùn. Kimball ni ọkọ ẹ̀gbọ́n mi Janeal, dókítà eyín náà.

"Ẹ̀yìn ń dùn mí, Màmá."

"Eyín lò ń fà, o ò fa igi gẹdú," Àǹtí Nelda dá a lóhùn. "Kí ló kan ẹ̀yìn ẹ?"

"Èmi á gbé e," ni Jarom wí. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín, mo sì rò pé gbogbo rẹ̀ yóò dára. Wọ́n sọ̀rọ̀ bàtà tí kò ní yọ̀ nínú omi. Wọ́n sọ̀rọ̀ oúnjẹ. Màmá ní òun á ṣe sàláàdì ànàmọ́ òun. Jarom ní màyọ́néèsì inú rẹ̀ kò ní fara da ooru. Màmá ní òun ti ń ṣe é kí wọ́n tó bí i.

Ó wá dìde, ó lọ sí gáréèjì, ó sì gbé korobá náà wọlé.

Korobá funfun ni, ó ní ìdérí tí wọ́n ń yí, ó sì ní okùn tí èèyàn ń fi pọ̀n ọ́n. Òfin ọgbà náà le: ohunkóhun tí o bá gbé wọ inú àfonífojì, o gbọ́dọ̀ gbé e jáde, títí kan èyí tó bá ti inú rẹ wá. Àpò kan wà tí wọ́n ń fún èèyàn fún un. Nínú ìdílé Màmá, gbogbo àpò ló ń wọ inú korobá kan, àna tuntun ló sì ń gbé e. Orúkọ wọn wà lára rẹ̀ ní ọ̀dà pupa: Orval, bàbá mi; Wendell, ọkọ Àǹtí Nelda tó ti kú; àti Kimball. Màmá ti so rìbọ́ọ̀nù mọ́ ọn. Ó ti tẹ búrọ́ọ̀ṣì bọ ọ̀dà láti kọ orúkọ Jarom.

"Ó dé!" Kimball lu tábìlì. "Ìyàwó mi kejì! Ẹ wò ó, mo pọ̀n ọ́n, ó ń ṣe gbọ̀ọ́gbọ̀ọ́ lẹ́yìn mi bí ẹni ń pọ́nmi. Janeal ò jẹ́ kí n fẹnu kò ó lẹ́nu fún odidi ọ̀sẹ̀ kan. Jarom, tìẹ á rọrùn. Èmi ò mọṣẹ́ ni mo ṣe jìyà. Ìwọ, iṣẹ́ ilé yín ni wọ́n gbé wá bá ẹ!"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Janeal rẹ́rìn-ín títí ó fi dorí kodò. Màmá ń rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wọn, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò kúrò lára Jarom.

Jarom ka orúkọ tó wà lára korobá náà. Ó wá sọ pẹ̀lẹ́ pé, "Arábìnrin Roundy, màá gbé àgọ́. Màá gbé omi gbogbo wa. Bí ẹsẹ̀ bá rẹ̀ yín, màá pọ̀n yín. Ṣùgbọ́n mi ò ní gbé korobá yìí."

"Gbogbo àna ilé yìí ló gbé e."

"Mo gbọ́, Mà."

"Tiwa ló ń rí ẹ lára? Ìwọ?"

Ẹ̀rín ti tán lẹ́nu gbogbo èèyàn. Jarom yíjú sí mi. "Leora?"

Mo wo máàpù. Mo wo ilà búlúù tí wọ́n fi ya odò, bí ó ṣe ń lọ́ bí kòkòrò. Apá kan nínú mi ń rò ó pé, kí ló dé tí kò lè gbé e, ṣebí ó ti mọ́ ọn lára? Bí mo ṣe ro èyí, ara mi sú mi.

Jarom mú fìlà rẹ̀. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Màmá, ó sì jáde.

"Ẹ rí i fúnra yín," ni Màmá wí, ó ń fọ búrọ́ọ̀ṣì. "Èmi ò lé e."

Ọ̀sẹ̀ ń gorí ọ̀sẹ̀, Jarom kò wá. Bí ọkọ̀ wọn bá kọjá lábẹ́ fèrèsé ilé ìtura, kò gbójú sókè mọ́. Mo dúró síbẹ̀ mo ń fa òórùn yẹn símú bí aláìsàn, nítorí òun nìkan ló kù fún mi lára rẹ̀.

Ohun àrà kan wá ṣẹlẹ̀. Ìríra tí mo ti ń gbé lọ sílé Liston fò kúrò níbẹ̀, ó wá bà sílé wa. Bí Kimball ṣe ń fi ahọ́n lá eyín lẹ́yìn oúnjẹ, ó ń rí mi lára. Ìpara olóòórùn dídùn tí Màmá ń fi pa ọwọ́, èébì ló ń gbé wá fún mi. Korobá yẹn ṣì wà ní igun ilé ìdáná pẹ̀lú rìbọ́ọ̀nù lọ́rùn, ó mọ́ tónítóní, mi ò sì lè jẹun níwájú rẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan mo lọ sílé wọn. Lamont ló ṣílẹ̀kùn. Bí ó ṣe rí mi, ó kó ọwọ́ méjèèjì sápò, ó sì fà sẹ́yìn, bí ó ṣe máa ń ṣe fún gbogbo ìlú. Mi ò tíì rí i kí ó bọ ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ rí.

"Ọmọ mi, mi ò tíì wẹ̀ o. Gba ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ yẹn wọlé, afẹ́fẹ́ wà níbẹ̀."

Jarom wà lẹ́yìnkùlé, ó ń sá ápíríkọ́ọ̀tì sórí pákó.

"Ṣé ìyá rẹ ló rán ẹ?"

"Kò mọ̀ pé mo wá. Jarom, eré ni korobá yẹn. Gbogbo wọn ló ṣe é."

"Eré ni fún Kimball," ó ní. "Ó gbé e, wọ́n rẹ́rìn-ín, ó délé, ó wẹ̀, ó padà di dókítà eyín. Bí èmi bá gbé e, Leora, mi ò ní sọ̀ ọ́ kalẹ̀ mọ́ láé. Bí mo bá wá kí yín lọ́dún, korobá ni wọ́n máa rí. Bí a bá bímọ, ọmọ korobá ni. Iṣẹ́ mi kò tì mí lójú. Mo ń ṣe é fún ẹni tí mi ò mọ̀, wọ́n sì ń sanwó ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyá rẹ fẹ́ kí n ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́ kí n sì máa rẹ́rìn-ín."

"Èmi nífẹ̀ẹ́ rẹ."

"Mo mọ̀. Mo sì mọ̀ pé mo máa ń rí ẹ lára nígbà mìíràn. Mo rí i bí o ṣe gbé ọsàn yẹn mì. Ìyẹn ò dùn mí; imú kò gbọ́ ẹ̀bẹ̀. Ohun tó dùn mí ni pé mo pe orúkọ rẹ nídìí tábìlì yẹn, o wá ń wo máàpù."

Mo mú ápíríkọ́ọ̀tì kan lórí pákó, níbi tí ọwọ́ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ fi í sí, mo sì jẹ ẹ́. Ó dùn. Mo gbé e mì lẹ́ẹ̀kan náà.

"Má tíì kọ̀ mí," mo wí. "Jẹ́ kí n padà sídìí tábìlì náà."

Ní ọjọ́ Àìkú, gbogbo ilé jọ jẹun. Mo to àwo. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo kọ̀ọ̀kan, níbi tó yẹ kí aṣọ ìnuwọ́ wà, mo fi àpò kan sí. Mo ti lọ gbà wọ́n fúnra mi ní ọ́fíìsì ọgbà. Wọ́n ní àwọ̀ eérú, ìyẹ̀fun kan sì wà nínú wọn tó ń mú kí ohun tó bá wọbẹ̀ dì.

Màmá gbé tirẹ̀ sókè. "Kí lèyí?"

"Tiyín ni, Màmá. Fún àfonífojì. Mo fi ọ̀kan sílẹ̀ fún Jarom náà."

"Lórí tábìlì oúnjẹ mi! Ẹ̀gbin! Leora, orí rẹ pé?"

"Ẹ̀gbin ni lóòótọ́. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí kálukú gbé tiẹ̀."

"Èmi ti gbé tèmi," ni Kimball wí. "Mo gbé ti gbogbo yín mọ́ ọn. Orúkọ mi wà lára ẹ̀."

"Ẹ gbé e lẹ́ẹ̀kan, Bùọ̀dá Kimball, ẹ sì ti ń rojọ́ ẹ̀ láti ìgbà náà. Ẹ ò ní jẹ́ kí Jarom sọ tirẹ̀ kalẹ̀."

"Àṣà ilé wa ni!" ni Màmá wí. "Ìyá mi ṣe é, ìyá rẹ̀ ṣe é. Agbépòó kan ò ní wá yí i padà."

"Kì í ṣe òun ló ń yí i. Èmi ni. Bí ẹ bá gbé korobá yẹn jáde, èmi ò wọ àfonífojì, àwa méjèèjì yóò sì lọ ṣègbéyàwó ní tẹ́ńpìlì láìsí yín."

Àǹtí Nelda la ẹnu sílẹ̀. Bàbá mi ń gé ẹran rẹ̀ lọ ní tirẹ̀.

"Ó jò," ni Bàbá wí.

"Kí ló jò?"

"Korobá yẹn. Lọ́dún tí mo gbé e. Ìdérí rẹ̀ ti sán, a ò sì tíì rìn dé ìdajì ọ̀nà. Ó jò sí mi lẹ́yìn, ó gba inú ṣẹ́ẹ̀tì, ó ń ṣàn lọ sí..."

"Orval, a ń jẹun!"

"Mo mọ̀ pé a ń jẹun, Verda. Láti ọjọ́ yẹn, mi ò jẹun kan rí lọ́dọ̀ ìyá rẹ kí n má rántí. Kò sí ìgbà tí ó bu ọbẹ̀ fún mi tí mi ò rò ó pé, èyí tún ń bọ̀."

Àǹtí Nelda ti ń fi aṣọ bo ẹnu, mi ò mọ̀ bóyá ẹ̀rín ni tàbí èébì.

"O ò sọ fún mi rí," ni Màmá wí.

"Ẹ ń rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Mo ní mo fẹ́ so okùn bàtà mi, mo dúró lẹ́yìn, mo jókòó sínú odò, mo sì sunkún. Mo fẹ́ ọ ni mo ṣe tẹ̀ síwájú." Ó ká àpò tirẹ̀ bí ẹni ká áńkáṣíìfù, ó fi í sápò ṣẹ́ẹ̀tì. "Ẹni tó ṣu lè gbàgbé. Ẹni tó kó o kò ní gbàgbé."

Ó padà sídìí ẹran rẹ̀.

Màmá fi ìka méjì mú àpò tirẹ̀ bí ẹni mú ìrù eku. Ojú rẹ̀ ti pọ́n.

"Ibo," ó ní, "ibo ni èèyàn ń fi irú nǹkan báyìí sí nínú ẹrù?"

"Ẹ̀yìn ẹrù yín, Màmá. Kó jìnnà sí oúnjẹ."

Bí a ṣe wọ àfonífojì nìyẹn, àwa àti Jarom, láìsí korobá. Omi odò náà tutù débi pé ó ń bù wá lẹ́sẹ̀ jẹ. Jarom gbé àgọ́, ó gbé omi, bí ó ṣe ṣèlérí. Ní alẹ́, Màmá pín sàláàdì ànàmọ́ rẹ̀. Òun nìkan ló jẹ ẹ́ dáadáa, nítorí ìgbéraga. Kí ilẹ̀ tó mọ́, inú ti yọ ọ́ lẹ́nu, àpò rẹ̀ sì wú ju ti gbogbo wa lọ. Ó so ó mọ́ ẹ̀yìn ẹrù rẹ̀, ó ń fì síwá, ó ń fì sẹ́yìn bó ṣe ń rìn. Kò sẹ́ni tó ní òun á bá a gbé e. Kò sì bẹ ẹnikẹ́ni. Nígbà tí ebi ń pa á, ápíríkọ́ọ̀tì Lamont nìkan ni inú rẹ̀ gbà. Jarom ló mú un lórí fíríìjì nígbà tí a ń jáde nílé.

Lódì kejì, Lamont ti ń dúró dè wá pẹ̀lú mọ́tò rẹ̀ tó mọ́. Ó dúró lókèèrè, ọwọ́ lápò. Màmá lọ sídìí àgbá ìdọ̀tí, ó sọ àpò rẹ̀ sí i, ó sì yíjú. Irun rẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ orí, ẹrẹ̀ dé orúnkún rẹ̀.

"Ẹ kú ìrìn, Arábìnrin Roundy."

"Ẹ ṣeun, Arákùnrin Liston." Mo rí i tí ó kó ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn. "Ẹ jọ̀ọ́, mi ò lè bọ̀ yín lọ́wọ́. Mi ò tíì fọwọ́."

Lamont wò ó títí. Ó yọ ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ lápò, ó sì nà án sí i.

"Ọṣẹ wà nínú mọ́tò," ó ní. "Ó tó àwa méjèèjì."

Màmá wo ọwọ́ náà. Ó wá fún un ní tirẹ̀.

Mi ò ní purọ́: mo ń ronú ibi tí ọwọ́ méjèèjì ti dé kí wọ́n tó pàdé. Mo fara ti Jarom. Ó ń rùn bí ẹrẹ̀ odò, bí òógùn àná, bí aṣọ tí kò gbẹ.

"Ṣé mo ń rí ẹ lára?" ó bi mí.

"Gan-an ni," mo wí, mo sì fi imú mi sí i lọ́rùn.